Àpáta Tí A Sè Ní Ìdànrè

Nígbà tí mo ṣì kéré tó ẹni tí wọ́n ń rán lódò pẹ̀lú garawa tó ju orí rẹ̀ lọ, obìnrin kì í wọ ibi ìpàdé káńsù. Inú ilé ìwé ni wọ́n ti máa ń ṣe é. Àwọn ọkùnrin á há ara wọn sórí bẹ́ǹṣì ọmọ ilé ìwé, orúnkún wọn á ga sókè bíi ti ẹlẹ́ńgà, wọ́n á sì máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àwọn ló dá ayé. Àwa ọmọdé àti àwọn ìyá wa, ojú fèrèsé la ti ń gbọ́ tiwa. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ojú fèrèsé yẹn náà ni ìyá tó bí ìyá mi ti sọ ọ̀rọ̀ kan tí ẹnu ìlú kò kúrò lára rẹ̀ títí di òní. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ń wá sí mi lẹ́nu. Ẹni tó bá ń kánjú, kó máa lọ.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí Nàìjíríà tó gbòmìnira ni. Kòkó ń lówó lórí, ilé onípáànù ń pọ̀ sí i lẹ́sẹ̀ òkè, ṣùgbọ́n aboyún tí ìrọbí rẹ̀ bá le, àfi kí wọ́n gbé e dé Oǹdó tàbí Àkúrẹ́, nínú bọ̀lẹ̀kájà, lórí ọ̀nà tí kò tíì mọ ọ̀dà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé ìyá mi lọ́dún kan. Èmi náà wà nínú ọkọ̀ yẹn, nítorí mo ké títí wọ́n fi gbé mi jù sẹ́yìn. Táyà bẹ́ lójú ọ̀nà. Kí awakọ̀ tó pààrọ̀ rẹ̀, ọmọ ti wálẹ̀, kò sì ké. Ìró ìyá àgbà mi ni wọ́n fi wé e. Ìyá mi fúnra rẹ̀, díẹ̀ ló kù. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ ikùn ìyá mi bí ẹni ń ṣọ́ epo lórí iná. Nígbà tí mo wá rí i lọ́dún tó tẹ̀ lé e tó ń tutọ́ kiri, tí kò fẹ́ gbọ́ òórùn ọbẹ̀, àyà mi já. Mo mọ̀ pé ó ti tún lóyún.

Àfi bí ìròyìn ṣe dé pé káńsù fẹ́ kọ́ ilé ìgbẹ̀bí sí agbègbè wa, èyí tí gbogbo wa ń pè ní mátánítì. Káńsù ni yóò fún wa ní páànù, sìmẹ́ǹtì àti nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí. Ìlú ni yóò wá ilẹ̀, ìlú ni yóò tún un ṣe títí yóò fi tẹ́jú, ìlú ni yóò sì ṣe lébìrà. Àwọn ará Aládé, ìlú tó múlé gbè wá, náà ń wá a lójú méjèèjì. Bí a kò bá ní ilẹ̀ tó tẹ́jú, wọ́n á gbé e fún wọn.

Ẹ wá wo ọgbọ́n tí àwọn bàbá wa gbọ́n. Kò sí ẹni tó fẹ́ gé igi kòkó kan ṣoṣo. Ta ni yóò gé kòkó lọ́dún tí kòkó ń kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì fún èèyàn? Wọ́n rò ó síwá, wọ́n rò ó sẹ́yìn, wọ́n wá yọ̀ǹda ilẹ̀ kan tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, tí àpáta kan dùbúlẹ̀ sí láàárín gbùngbùn bí erin tó ń sùn. Àpáta náà kì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn òkè wa tó lórúkọ, kò sí ẹni tó ń bọ ọ́. Orí rẹ̀ la ti ń sá gbágùúdá. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n ní àwọn ti rí káńsù rẹ́ jẹ.

Ọ̀gá káńsù dé láti Oǹdó, òun àti wolé-wolé kan tó mú okùn ìwọ̀n lọ́wọ́. Ọ̀gá náà yí àpáta ká lẹ́ẹ̀mejì, ó bọ́ àkẹtẹ̀ rẹ̀, ó fi ń fẹ́ ara. Ó ní, "Ẹ̀yin àgbààgbà, ṣé orí èyí la ti fẹ́ máa gbẹ̀bí?" Ó ní káńsù kò ní ẹ̀tù tí wọ́n fi ń fọ́ àpáta, wọn kò sì ní rà á. Ó ní òun ń padà bọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Tí òun bá tún bá àpáta yìí níbẹ̀, kí a ti mọ̀ pé Aládé ló ni mátánítì.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n pe ìpàdé pàjáwìrì, ariwo sì ta. Ẹni kan ní kí á gbẹ́ ilẹ̀ sin ín, òmíràn ní kí á lọ bẹ ọ̀gá. Bí wọ́n bá ti bèèrè ta ló máa gé kòkó rẹ̀, oníkálukú á wòlẹ̀. Káńsílọ̀ àdúgbò wa ló ń darí wọn, ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn kan báyìí, tó jẹ́ pé bó bá sín ní ilé rẹ̀, ẹ ó kí i láti ilé yín. Ìgbà tí wọ́n pariwo tó rẹ̀ wọ́n ni ìyá àgbà mi ki orí bọ ojú fèrèsé.

Epo pupa ni ìyá àgbà mi ń ṣe. Láti ìgbà tí ìlú ṣì wà lórí òkè, kí gbogbo wọn tó sọ̀kalẹ̀, orí àpáta ló ti ń dáná epo. Èdè Ìdànrè ponbele ló fi sọ̀rọ̀, èmi ni mò ń yí i padà kó lè yé yín. Ó ní, "Ẹ fún un níná jẹ, kí ẹ fún un lómi mu. Á là."

Káńsílọ̀ ní, "Ìyá, ìpàdé ọkùnrin rèé. Ta ló pè yín?"

Ìyá àgbà mi ní, "Àpáta ló pè mí. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó láti àárọ̀, ṣé ó ti là fún yín?"

Ẹ̀rín sọ lójú fèrèsé, inú ilé náà ò sì lè pa tiwọn mọ́ra. Ó wá ṣàlàyé fún wọn pé ibi tí òun bá ti dáná epo lórí àpáta fún ọjọ́ mélòó kan, tí òjò bá ya lu ibẹ̀ kí ó tó tutù, ńṣe ni ara àpáta máa ń bó bí èèpo iṣu. Ó ní kí iná tiwa pọ̀, kó pẹ́, kí omi sì dà lù ú lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan ní obìnrin fẹ́ se àpáta jẹ. Bàbá arúgbó kan tó ti ń tòògbé lẹ́yìn ló là á. Ó ní, "Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ẹ lọ wá igi."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ò rí ìlú rí! Ilé kọ̀ọ̀kan ru igi wá, wọ́n ru ìhá ẹyìn tí a ti fún epo rẹ̀, wọ́n ru èèpo èkùrọ́, nítorí iná èèpo èkùrọ́ kì í ṣe iná kékeré. Àwọn ìyá Aládùúrà bọ́ aṣọ funfun sílẹ̀, wọ́n wọ aṣọ oko. Àwọn alágbàṣe tó ti ọ̀nà jíjìn wá ṣiṣẹ́ kòkó náà ò gbẹ́yìn. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ṣé ìyàwó tèmi kì í bímọ níhìn-ín ni?" Àwa ọmọdé ló ni omi. Ọ̀gbẹlẹ̀ ni, odò ti fà, a máa ń tò pẹ́ kí garawa kan tó kún, a ó wá gbé e yí àpáta ká. Ìyá àgbà mi wá ṣe òfin. Ó ní ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni iná máa jó. Bí òun bá tú gèlè òun, tí òun jù ú sókè, kí gbogbo èèyàn da omi. Ẹni tó bá da ẹ̀kán kan ṣáájú ìyẹn, òun àti onítọ̀hún ni.

Ta ló rú òfin náà? Èmi ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, iná ń jó kíkankíkan. Mo rí ìyá mi tó gbé igi dé, tó ṣàdédé jókòó sílẹ̀, tó fi ọwọ́ kan di ikùn mú, tó fi èkejì bo ojú. Ọkọ̀ bọ̀lẹ̀kájà yẹn ni mo rí. Ìró yẹn ni mo rí. N kò mọ ìgbà tí mo gbé garawa mi, mo kàn mọ̀ pé mo ti dà á. Àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn mi rò pé gèlè ti lọ sókè, àwọn náà dà tiwọn. Àwọn ìyá dà tiwọn. Ṣààà! Èéfín bo gbogbo wa. Nígbà tó lọ, iná ti kú fin-ín fin-ín, àpáta sì dùbúlẹ̀ síbẹ̀ bó ṣe wà, ara rẹ̀ kàn bó lójú kan ni. Ìyá mi ńkọ́? Kò sí ohun tó ṣe é o. Èéfín ló kó sí i lójú.

Gbogbo ojú yí sí mi. Obìnrin kan kígbe pé, "Ọmọ ta lèyí? Ó ti gbé mátánítì lọ fún àwọn Aládé!" Mo ní kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì, ilẹ̀ kọ̀. Ìyá àgbà mi ń bọ̀, mo ti gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ kalẹ̀ de igbájú. Kò nà mí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa èèpo òkúta tó bó náà, ó nípọn tó àtẹ́lẹwọ́, ó gbé e sókè kí gbogbo wọn rí i. Ó ní, "Ọjọ́ kan ààbọ̀ péré, ó ti bó tó báyìí. Ọmọ yìí bá wa tọ́ ọbẹ̀ wò ni. Kò tíì jinná, ṣùgbọ́n ó ti ń rọ̀. Igi dà?"

Igi ti tán. Ọjọ́ mẹ́fà ló kù tí ọ̀gá máa dé. Káńsílọ̀ kàn yí ẹ̀yìn padà, ó ń lọ, a sì rò pé ó bínú ni. Kò pẹ́ púpọ̀ tí a fi rí i tó ń bọ̀ pẹ̀lú ọkùnrin bíi mẹ́wàá, pákó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó fẹ́ kọ́ wà lórí wọn, pákó tó ti là láti ọdún méjì. Ó sọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ sun ún. Ilé lè dúró, ọmọ kì í dúró." Ẹ̀yìn èyí ni mo tó gbọ́ pé ojú ọ̀nà Oǹdó yẹn náà ni ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ kú sí. Háà! Ìlú tú jáde. Wọ́n yọ ilẹ̀kùn àlòkù, wọ́n gbé odó tó ti sán, wọ́n gbé àpótí ìjókòó. Ìyá kan gbé ọmọrogùn rẹ̀ wá, a ní kó máa gbé e lọ sílé.

Ní ti èmi, ìyá àgbà mi so mí mọ́ ìdí ara rẹ̀ bí ewúrẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, àwọ̀ àpáta yí padà, kò sì sí ẹni tó lè sún mọ́ ọn. Ó tú mi sílẹ̀. Ó ní, "Lọ gbé garawa rẹ." Ó tú gèlè, ó jù ú sókè.

Gbàùùù!

Àwọn tó wà lóko rò pé ọdẹ ló yìnbọn. Àpáta yẹn là láti orí dé ìdí, ó tún sán ní ìbú, apá èèyàn wọ inú rẹ̀. Àwọn ọkùnrin kó ọ̀pá irin àti òòlù bò ó, wọ́n tún sun ìyókù, ó sì di wẹ́wẹ́ láàárín ọjọ́ méjì. Ìyá mi ń jó, mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra. Káńsílọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eérú níwájú ìyá àgbà mi, tòun ti agbádá funfun. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà débi pé mo sunkún.

Ọ̀gá káńsù dé. Ó wò yíká, ó ní, "Àpáta dà?" Ìyá àgbà mi ní, "Ẹ̀yin lẹ dúró lé e lórí yẹn." Òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n ti fi tẹ́ ilẹ̀. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó bèèrè ẹnjiníà tí a gbà. Káńsílọ̀ ní, "Ìyá elépo ni." Wolé-wolé na okùn ìwọ̀n rẹ̀, ilẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, mátánítì di tiwa.

Òkúta yẹn náà la fi ṣe ìpìlẹ̀. Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n ti kàn ní páànù nígbà tí ìrọbí mú ìyá mi. Nọ́ọ̀sì kò tíì tú ẹrù rẹ̀ tán. Mo dúró lẹ́yìn ògiri, mo di etí, mo ṣí i, mo tún di í. Nígbà tó yá, mo gbọ́ igbe ọmọ, igbe kíkankíkan bí ẹni pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ. N kò tíì gbọ́ ohùn tó dùn tó bẹ́ẹ̀ láyé mi. Àbúrò mi ti ní ọmọ-ọmọ báyìí. Bí mo bá ń fọ́nnu nípa ìtàn yìí, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ gbogbo rẹ̀. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀yin lẹ da omi sí iná mi."

Ayé ti yí padà. Ní tòótọ́, ọ̀nà ti dára, ọ̀kadà á gbé aboyún dé ilé ìwòsàn kí ó tó parí gbólóhùn. Ṣùgbọ́n bí páànù kan bá ṣí lóde òní, àwọn èèyàn á ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n á ní ìjọba dà. N kò ní kí ìjọba má ṣe o. Mo kàn mọ̀ pé ìjọba ìgbà náà, páànù ló mú wá, àwa la sun pákó.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí ni òrùlé mátánítì náà bẹ̀rẹ̀ sí í jò, wọ́n sì pe ìpàdé. Káńsílọ̀ àdúgbò wa nísinsìnyí, obìnrin ni. Ọmọbìnrin kékeré kan tó wọ dígí lójú, inú mátánítì yẹn náà ni wọ́n bí i sí. Bí mo ṣe yọ lẹ́nu ọ̀nà ló dìde, ó kúnlẹ̀, ó mú mi lọ́wọ́ lọ sórí àga iwájú, ó ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀." Mo wo fèrèsé. Kò sí ẹnì kan níbẹ̀, gbogbo obìnrin ti wà nínú ilé. Ìyá àgbà mi na ọrùn wọ ojú fèrèsé kí ó tó lè sọ tirẹ̀. Èmi jókòó, mo fi ẹ̀yìn ti àga, mo sọ tèmi.