Ẹnu Pẹ́ńtà Kì Í Ṣe Ààtàn

Nígbà tí pẹ́ńtà yìí ṣì sanra, ikùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọlé kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé. Bẹ́ẹ̀ ló wà títí igi àkàbà fi kán mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ níbi tó ti ń kun àjà ilé kan, tòun ti korobá ọ̀dà sì jọ já lulẹ̀. Ọ̀gá iṣẹ́ wo àkàbà, ó wo ọ̀dà tó dà nù, kò tiẹ̀ wo ẹni tó ṣubú.

"Ìwọ àti òkè ti parí," ló wí. "Ìsàlẹ̀ ni wàá wà, kó o máa bá àwọn tó ń gùn ha ògiri."

Iṣẹ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ nìyẹn. Ìtìjú bá ọkùnrin náà débi pé ó kó ara rẹ̀ níjàánu. Ó fi mínírà sílẹ̀, ó gba omi. Ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ẹja síse, ọsàn dípò bisikíìtì. Ó ń fẹsẹ̀ rin lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tó yá, ó fọn, ṣòkòtò ń yọ̀ nídìí rẹ̀, ọ̀gá sì dá a padà sórí àkàbà.

Àwọn èèyàn á ní ibẹ̀ ni wàhálà parí sí. Irọ́ ni. Ká fọn kò le tó ká má tún sanra padà. Nígbà tó ń fọn, gbogbo àdúgbò ló ń kí i. Nígbà tó fọn tán, ta ló máa kí èèyàn pé kò mu mínírà lónìí? Òun nìkan ló kù, òun àti àwo ẹ̀wà rẹ̀. Ó sì ń jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, láìráhùn.

Àfi bí òṣùwọ̀n tó wà ní kẹ́míìsì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ó ní òṣùwọ̀n náà ti bà jẹ́. Nígbà tó rí i pé ṣòkòtò náà ń bá òṣùwọ̀n sọ ohun kan náà, ó kọjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Epo tó ò ń dà sí ọbẹ̀ yìí pọ̀ jù."

"Epo tí mo fi ṣíbí wọ̀n?" Ìyàwó pòṣé. "Bàbá Ọmọge, ẹ wá ẹlòmíì tẹ́ ẹ máa dá lẹ́bi."

Ọmọge ni àbíkẹ́yìn wọn, ó ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin méjì. Ní tòótọ́, kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà. Ìyàwó ló ń se oúnjẹ nílé náà, ọkọ ló ń fọ àwo. Ẹ̀yin náà á ní ọkọ gidi nìyẹn. Ẹ dúró ná. Ìyá tó bí i ti kọ́ ọ láti kékeré pé oúnjẹ kì í ṣòfò, nítorí náà, bó bá ń kó àwo lọ síbi tó ti ń fọ̀ ọ́, gbogbo ohun tí àwọn ọmọ jẹ kù, ẹnu rẹ̀ ló ń dà á sí. Búrẹ́dì tó ti rọ sínú tíì. Ẹyin tí àpá eyín ọmọ wà lára rẹ̀. Ìrẹsì tó dì mọ́ ìsàlẹ̀ àwo, tí ẹnì kan ti sín lé lórí. Ṣíọ̀! Àgbàlagbà tó jókòó sí tábìlì tó ní òun ò bù kún oúnjẹ, òun náà ló dúró sídìí àwo tó ń fi àtàǹpàkò nù ún lá. Nítorí pé kò jókòó, kò kà á sí oúnjẹ. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ti di ọ̀nà ààtàn.

Ọ̀gá iṣẹ́ sì ti ń wo ikùn rẹ̀ kó tó gun àkàbà.

Ní Sátidé kan tó lọ síbi iṣẹ́, ìyàwó fúnra rẹ̀ fọ àwo, láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Nígbà tí ọkọ dé, ó gbé abọ́ kan síwájú rẹ̀, ó sì ṣí i.

Búrẹ́dì ti wú nínú tíì bí òkú ọ̀pọ̀lọ́. Mílíìkì ti kan lórí ìrẹsì. Ẹran kan wà láàárín tí ọmọ kan ti fà mu títí tó fi funfun, tó wá tu ú dà nù. Ìtọ́ ṣì ń yọ̀ lára rẹ̀. Òórùn náà gbá a nímú, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Kí lèyí? Ajá ta lo fẹ́ gbé e fún?"

"A ò lájá," ni ìyàwó wí jẹ́jẹ́. "Oúnjẹ yín nídìí àwo ni. Ti òní nìkan nìyẹn."

Ọkùnrin náà fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n èébì tó gbé e kò jẹ́ kó ráyè bínú. Ó sáré jáde. Ara rẹ̀ kó o nírìíra, ẹnu rẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀, gbogbo rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, inú garawa ìdọ̀tí ni àjẹkù ń lọ. Ó máa ń dùn ún bó ṣe ń dà á nù, àfi bíi pé ìyá rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá tún fẹ́ na, ó máa ń rántí ẹran funfun yẹn, ọwọ́ á sì wálẹ̀. Ohun tí ìpinnu ò lè ṣe, ìríra ṣe é. Òṣùwọ̀n padà sẹ́yìn, ọ̀gá sì gbójú kúrò níkùn rẹ̀. Ó rò pé òun ti borí.

Ìgbà tó wá wọ ilé ìdáná nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan láti fọ àwo, ó bá Ọmọge lórí àpótí níbi tí àwọn àwo wà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì wú. Ó ń fi àtàǹpàkò nu àwo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yípo, bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń nù ún gẹ́lẹ́.

"Kí lò ń jẹ?"

"Ẹ̀yin ò jẹ ẹ́ mọ́," ni ọmọ náà wí, búrẹ́dì rírọ ń jábọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Mo ń bá yín jẹ ẹ́ ni, kó má bàa ṣòfò."

Bàbá rẹ̀ tẹ́ ọwọ́ sábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀.

"Tu ú síbí."

Ó tu ú. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́ bàbá. Ọmọge nu ẹnu, ó tẹjú mọ́ ọwọ́ náà, ó ń dúró kí bàbá òun jù ú sẹ́nu.

Ọkùnrin náà sọ ọ́ sínú garawa ìdọ̀tí.

"Ẹ ti fi ṣòfò!" Ọmọ náà bú sẹ́kún. "Dádì, ẹ ti fi ṣòfò!"

Bàbá gbé e sọ̀ kalẹ̀ kúrò lórí àpótí, ó bu omi, ó sì ń fọ ẹnu rẹ̀ fún un bó ṣe ń ké.