Gíláàsì Tó Mú Oòrùn Wọ̀ Láìtó Àsìkò

Àbúrò mi ni Jùbrílù, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí n tó tú àṣírí rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì ni. Ọ́fíìsì kan ní Ìkẹjà ló ti ń ṣiṣẹ́, ọkọ̀ ojú irin ló ń gbé e lọ, òun náà ló ń gbé e bọ̀. Ó níyàwó, ó bímọ méjì, kì í mutí, kì í bá ènìyàn jà. Àìsàn kan ṣoṣo tó ń ṣe é ni oòrùn. Bí kò bá ti lọ síṣẹ́, yóò gbé kámẹ́rà kọ́rùn nírọ̀lẹ́, yóò gun àpáta tó wà lẹ́yìn agboolé wa ní Ìjẹmọ̀, yóò sì dúró de oòrùn bí ẹni tó ń dúró de àlejò. Ọdún kẹfà rèé. Mo ní, "Jùbrílù, ṣé oòrùn àná kọ́ nìyí?" Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, tòní yàtọ̀."

Ìyá wa, Àlhájà Àlímátù, ló wá iṣẹ́ fún ìranù yìí. Àpáta àti ilé ká agboolé wa mọ́, a kì í rí ibi tí oòrùn ń wọ̀ sí. Nígbà ààwẹ̀ tó kọjá, Jùbrílù gba ìsinmi oṣù kan. Màmá ní nígbà tó jẹ́ pé orí àpáta ló máa wà, kó kúkú máa ya oòrùn tó bá ti wọ̀ tán, kó fi ránṣẹ́ sí Wáásáàpù ẹbí, ká lè mọ ìgbà tí a máa ṣínu. Ẹ̀rọ mọ́sálásí àdúgbò wa kò ṣeé gbára lé. Bí iná bá lọ, ìyàwó ládàánì nìkan ló ń gbọ́ ohùn ládàánì. Bó ṣe di nìyẹn tí ènìyàn mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, láti Ìjẹmọ̀ dé Owódé dé Ọ̀fàdà, ń wo fóònù kí wọ́n tó gbé omi sẹ́nu. Àwòrán Jùbrílù di òfin.

Ààwẹ̀ ọdún yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré fún Màmá. Dókítà ti sọ pé pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, kí wọ́n má gbààwẹ̀ mọ́. Wọ́n bẹ dókítà, wọ́n bẹ àwa ọmọ, wọ́n ní ká jẹ́ kí àwọn gba ti ọdún yìí pé, kó jẹ́ àkẹ́yìn. "Ó lé ní ọgọ́ta ọdún tí mo ti ń gbà á," ni wọ́n wí. "Ẹ jẹ́ kí n fi odindi kan dágbére fún un." A gbà. Ọjọ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lọ láìsí wàhálà.

Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, fílítà tí Jùbrílù rà dé. Gíláàsì pẹlẹbẹ kan ni: òkè rẹ̀ dúdú, dúdú yẹn ń ṣá díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń bọ̀ nísàlẹ̀, títí ìdajì tó kù fi mọ́ gaara. Ó ṣàlàyé fún mi pé ojú ọ̀run máa ń mọ́lẹ̀ ju ilẹ̀ lọ, kámẹ́rà kò sì lè gbé méjèèjì pọ̀. Bí a bá fi gíláàsì yìí síwájú rẹ̀, á dín ìmọ́lẹ̀ òkè kù, gbogbo àwọ̀ á wá yọ. Inú rẹ̀ dùn bí ọmọ tí wọ́n ra bàtà ọdún fún. Mo ní ó dáa, kó má ṣáà tìtorí ẹ̀ já bọ́ lórí àpáta.

Nírọ̀lẹ́ yẹn, oòrùn ti sún mọ́lẹ̀, ìkùukùu sì bò ó lójú, ṣùgbọ́n kò tíì wọ̀. Jùbrílù fi gíláàsì síwájú kámẹ́rà. Òkè dúdú bí aró, ìsàlẹ̀ pọ́n yòò. Ó rẹwà débi pé ó gbàgbé pé ẹbí ń dúró. Ó fi àwòrán náà ránṣẹ́ kí àwa náà lè rí ẹwà rẹ̀, kò sì kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i.

Fóònù mi dún. Mo wò ó: ojú ọ̀run ti dúdú. "Bísímílà," ni Màmá wí. Wọ́n mu omi, wọ́n jẹ dàbínù mẹ́ta, wọ́n nawọ́ sí àkàrà àti ògì. Bọ̀ọ̀dá Mùs'áb kọ ọ́ láti Owódé pé oòrùn tòní mà yá o, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń jẹun bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Mo wo àgbàlá, mo rí i pé ilẹ̀ ṣì mọ́, adìyẹ ṣì ń jẹ̀ kiri. Ṣùgbọ́n kí ni adìyẹ mọ̀ níwájú kámẹ́rà? Mo bu ògì tèmi.

Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá lẹ́yìn náà, iná dé. Ẹ̀rọ mọ́sálásí hó yèè, ládàánì sì pe ìrun Màgíríbì. Àkàrà dúró sí gbogbo wa lẹ́nu. Ìgbà náà ni àwòrán kejì wọlé. Jùbrílù kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ó ti wọ̀ báyìí. Ẹ ṣínu o."

Lẹ́yìn ìrun, Àfáà Usamah, àfáà mọ́sálásí àdúgbò wa, wá dá ẹjọ́. Jùbrílù dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, kámẹ́rà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Àfáà ní kí wọ́n gbé ẹlẹ́rìí wá, ìyẹn gíláàsì. Àfáà gbé e sójú, wọ́n wo ògiri. "Òkè ti ṣú, ilẹ̀ ò tíì ṣú." Wọ́n dorí rẹ̀ kodò. "Ilẹ̀ ti ṣú, òkè ò tíì ṣú." Ènìyàn bíi mẹ́wàá ló gbà á wò lẹ́yìn wọn. Àbúdù, ará ilé kejì, ní oòrùn ló jẹ̀bi, kí ló dé tí kò tètè wọ̀? Níkẹyìn Àfáà ní kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n oòrùn ò tíì wọ̀ nígbà tí a jẹun. Kí oníkálukú san ọjọ́ kan padà lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀.

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Màmá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n wọ yàrá lọ, mo sì gbọ́ ẹkún wọn. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ la gíláàsì yẹn mọ́lẹ̀. Jùbrílù lọ bẹ̀ wọ́n, ó ní òun máa bá wọn gba ọjọ́ náà. Màmá ní, "Ṣé ẹnu ẹ ni mo fi jẹ àkàrà ni?"

Lẹ́yìn ọdún, dókítà ní ọjọ́ kan péré, ká máa yẹ̀ wọ́n wò. Màmá gbààwẹ̀. Nígbà tó dìrọ̀lẹ́, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ àwòrán, àwọn ò fẹ́ ládàánì, ojú ara àwọn ni àwọn máa fi rí i. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin! A gbé wọn jókòó sórí àga oníke, ọkùnrin mẹ́rin gbé àga náà, Jùbrílù wà lára wọn. Àfáà Usamah ń pàṣẹ níwájú, èmi gbé omi àti dàbínù tẹ̀ lé wọn. Àwọn ará Ìjẹmọ̀ ń kí wa pé "Ẹ kú ìnáwó o!" Wọ́n rò pé Màmá joyè ni.

A gbé àga kalẹ̀ lórí àpáta. Oòrùn ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn àwọn òrùlé páànù, ó tóbi, ó pọ́n. Ó ku ìdajì, ó ku bíńtín, ó tán. Mo na ife omi sí wọn. "Màmá, ó ti wọ̀. Ẹ ṣínu."

Wọ́n gba ife, wọn ò mu ún. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí àwọn ti ń gbààwẹ̀, ìdí ààrò ni àwọn máa ń wà lásìkò yìí, tí àwọn ń dín àkàrà tí àwọn ẹlòmíì máa fi ṣínu.

"Jùbrílù," ni wọ́n wí, "ṣé bó ṣe máa ń rí lójoojúmọ́ nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Àfáà ń pariwo pé sùnnà Ànábì ni kéèyàn tètè ṣínu, kí wọ́n mu omi. Màmá ò tiẹ̀ wò wọ́n.

"Àfáà, ẹ ṣe sùúrù," ni wọ́n wí. "Mo ń wò ó lọ́wọ́."