Ọjọ́ Orúkọ Tí A Kì Í Pe Èèyàn Sí

Tíì tí wọ́n fún wa níbi iṣẹ́ ní River Road láàárọ̀ yìí, ṣe ni ewé tíì kàn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi náà, tó kí i, tó sì bá tiẹ̀ lọ. Ife bébà, omi lọ́wọ́ọ́rọ́, ṣúgà ò sí. Mo mu ún tán ṣá, torí ọ̀fẹ́ ni. Àmọ́ bí mo ṣe ń mu ún ni mò ń gbọ́ ohùn ìyá arúgbó kan létí mi: "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé omi ìfọwọ́ lò ń mu ni?"

Ará Rọ́ṣíà ni ìyá yẹn. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé ẹ̀ àti ilé wa ní Goresbrook, nílùú òyìnbó níbí. Bó bá ń po ìyẹ̀fun lórí tábìlì, àwa tó wà nídìí tẹlifíṣọ̀n á máa gbọ́ gbì, gbì, gbì, bí ẹni ń gúnyán. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni màmá mi máa ń fi mí sí títí á fi ti ibi iṣẹ́ dé. Iṣẹ́ àmúrelé ló yẹ kí n máa ṣe níbẹ̀. Ẹni tó bá rí ibi tí mo kàwé dé á mọ̀ pé n ò ṣe é.

Orúkọ ló máa ń kọ́ mi. Ó ní àwọn Gíríìkì ló ni ọ̀pọ̀ orúkọ obìnrin nílùú àwọn, ṣọ́ọ̀ṣì ló kó o wọlé. Irina, àlàáfíà ni. Zoya, ìyè. Sofia, ọgbọ́n. Larisa, ó ní ẹyẹ etí òkun ni, ìyẹn àwọn ẹyẹ funfun tó máa ń já oúnjẹ gbà lọ́wọ́ èèyàn. Ó ní láyé ìyá-ìyá òun, bí wọ́n bá bímọ, àlùfáà á wo ẹni mímọ́ tó ni ọjọ́ yẹn, orúkọ ẹ̀ lọmọ á jẹ́, ìyá fẹ́, ìyá kọ̀. Mo sọ ọ́ nílé. Màmá mi ní, "Àmútọ̀runwá nìyẹn. Àwọn náà gbọ́n."

Orúkọ ìyá náà fúnra ẹ̀, n ò ní dá a, ó lè máa gbọ́. Ìdákẹ́rọ́rọ́ ni ìtumọ̀ ẹ̀, bí òkun ìgbà tí afẹ́fẹ́ ò fẹ́. Àmọ́ bó bá ń lé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kúrò nídìí bíìnì, gbogbo àdúgbò ló ń jí.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo débẹ̀, òórùn kábéèjì tí wọ́n fi bọ́tà dín ti gba gbogbo ilé. Páì ló fẹ́ ṣe, mítípáì tí ò ní ẹran. Ó ti tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, ó sì to ife tó dáa jù síbẹ̀. Mo ní ta ló ń bọ̀. Ó ní ọ̀la lọjọ́ orúkọ òun, ọjọ́ ẹni mímọ́ tí òun ń jẹ́ orúkọ ẹ̀.

"Ta lẹ pè, Màmá?"

"A kì í pe èèyàn sí i. Ẹni tó bá rántí ló ń wá."

"Lọ́dún tó kọjá ńkọ́, ta ló wá?"

Ó la ìyẹ̀fun mọ́ tábìlì gbì. "Èmi ni mo jẹ páì." Ó wá na ìka sí mi. "Má sọ fún ẹnikẹ́ni. Bó o bá ti sọ ọ́, a ti pè wọ́n nìyẹn."

Ẹnu mi ò ní ilẹ̀kùn nígbà yẹn. Kò tíì ní títí di báyìí. N ò tíì bọ́ bàtà tí mo fi sọ ọ́ fún màmá mi.

"Ọjọ́ orúkọ, kò sí oyin, kò sí iyọ̀?" Màmá mi dìde. "Páì nìkan? Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Mọ́mì, wọn kì í pe èèyàn sí i o."

"Ta ló pè mí? Mo rántí ni."

"Ṣebí èmi ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún yín?"

"Mo ti rántí!"

Lọ́jọ́ kejì, bí ìsìn ṣe parí, màmá mi àti àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta ò tiẹ̀ bọ́ sùtánà. Ọ̀kan gbé oyin, ọ̀kan gbé iyọ̀, ọ̀kan gbé omi. Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ìyá náà ṣí i, ó rí obìnrin mẹ́rin tí wọ́n wọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀, ó fọwọ́ ṣàmì àgbélébùú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin áńgẹ́lì," ó ní, "kì í ṣe òní. Páì ò tíì jinná."

Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín títí ó fi di géètì mú.

Àga méjì péré ló wà nílé náà, ló bá di pé a wà lórí ìdúró. Màmá mi ní Dọ́káàsì lorúkọ òun. Ìyá náà pariwo, "Gíríìkì nìwọ náà! Ẹtu ni ìtumọ̀ ẹ̀." Màmá mi wo ìdí ara ẹ̀. "Ẹtu? Irú ẹtu wo nìyí?" Ó wá ti ìka bọ oyin, ó fi kan ìyá náà lẹ́nu.

"Màmá, orúkọ yín dáa, àmọ́ ẹ ò jẹ́ ẹ rárá. Ìdákẹ́rọ́rọ́ tí ń pariwo! Ẹ gba oríkì kan mọ́ ọn. Àjọkẹ́. Ẹni tí gbogbo èèyàn jọ ń kẹ́."

"Àjọkẹ́." Ìyá náà pè é bí ẹni ń fọ́ igi. "Ẹni mímọ́ wo nìyẹn?"

"Àwa ni."

Ìyá náà dákẹ́. Ó dákẹ́ rọ́rọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí màá rí i kí orúkọ Gíríìkì ẹ̀ yẹn ṣiṣẹ́.

Títí dòní, bí mo bá ti mọ ọjọ́ ayẹyẹ èèyàn, n kì í dúró kó pè mí. Wọ́n á kàn rí mi lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìgò oyin. Ìyàwó mi ní oúnjẹ ni mò ń wá kiri. Kò fi bẹ́ẹ̀ parọ́. Àmọ́ mo ti rí ojú ẹni tó dá páì jẹ, kò sì tíì kúrò lójú mi.

Lọ́jọ́ yẹn, gbogbo wọn ti jáde, èmi ni mo kẹ́yìn. Ìyá náà di etí mi mú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹnu wúyẹ́wúyẹ́ pé èmi kọ́, pé wọ́n rántí ni. Ó wo àwọn aláṣọ funfun yẹn títí wọ́n fi wọ ilé wa, ó gbé ìyókù páì lé mi lọ́wọ́, ó ní:

"Lọ́dún tó ń bọ̀, sọ fún wọn kí wọ́n mú àga dání."