Àgádágodo Ẹnu Ọ̀nà Ìyá Mi

Wáípà mọ́tò tó bá ti gbó, ẹni tó bá mọ ìlò rẹ̀ kì í jù ú nù. Irin pẹlẹbẹ kan wà nínú rọ́bà rẹ̀ tí kò fẹ̀ ju ewé koríko lọ, tí kì í sì í tètè dá. Ẹ̀bá títì ní Alakia ni mo ti he èyí tí mo kọ́kọ́ lò. Mo gé e sí méjì. Mo fi fáìlì ha orí ọ̀kan títí ó fi rí bí ẹnu ẹyẹ, mo sì tẹ ìkejì lórí bí ọrùn lékeléke. Àwọn méjèèjì yìí ni mo fi ń ṣí àgádágodo láìlo kọ́kọ́rọ́.

Eré ọwọ́ ni o. Bí àwọn kan ṣe ń ta ayò lábẹ́ igi, bẹ́ẹ̀ ni èmi ń jókòó ti àgádágodo ara mi lọ́jọ́ ìsinmi. Inú fóònù ni mo ti kọ́ ọ. Ìyàwó mi á wò mí títí, á ní, "Baálé mi, èyí tẹ́ ẹ ṣí lánàá ńkọ́? Ṣé ó ti tún tì ni?"

Irin wẹ́wẹ́ ló tò sínú àgádágodo, sípíríǹgì jókòó lé ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí. Ojú kì í rí wọn. Ìka ló ń mọ̀ wọ́n lára. Èyí tó bá ti dé ipò rẹ̀ á ta kín, bí ìgbà téèyàn fi èékánná kan eyín. Nígbà tí mo tú ọ̀kan palẹ̀ tí sípíríǹgì rẹ̀ fò sọnù, inú bírò ni mo ti yọ òmíràn, mo gé e kúrú, ó sì bá a mu.

Ìyá mi ló sọ eré yìí di iṣẹ́. Abúlé wa lọ́nà Ìjàyè ni wọ́n ń gbé pẹ̀lú àbúrò mi tó ń dáko gbáàgúdá. Nígbà tí ọjọ́ orí dé, ìyá mi á ti yàrá wọn pa, wọ́n á fi kọ́kọ́rọ́ pamọ́, wọ́n á sì gbàgbé ibi tí wọ́n fi í sí. A rí i nínú gàárì rí. A rí i nínú bútà tí wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá.

Lọ́jọ́ tí a wá a tì, àbúrò mi mú òòlù. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló lu àgádágodo náà. Ìyá mi tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n dùbúlẹ̀, wọ́n kọjú sí gábàsì.

"Ó yá, ẹ pe àlùfáà. Kí wọ́n wá wẹ̀ mí."

"Ìyá, kí ló dé?"

"Ilẹ̀kùn òkú ni wọ́n ń fi òòlù fọ́. Ọ̀sán ti ń pọ́n, ẹ wẹ̀ mí ká lọ."

Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá kú tó ti yàrá rẹ̀ pa, olórí ẹbí ní í sọ pé kí wọ́n fọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó ń fọ́ ti alààyè. Àbúrò mi sọ òòlù sílẹ̀, ó pè mí lórí fóònù. Nígbà tí mo débẹ̀, ìyá mi ṣì wà lórí ẹní, wọn ò jẹ, wọn ò mu. Mo kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú irin wáípà mi títí tí àgádágodo fi já sílẹ̀.

Ìyá mi gbórí sókè. "O fọ́ ọ?"

"Mi ò fọ́ ọ, Ìyá. Ẹ wò ó."

Wọ́n gbà á, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn bí ẹni tó ń wá ojú egbò lára iṣu. "Olè ni mo bí," wọ́n ní. "Alihamudu lilahi. Olè sàn ju ẹni tó fẹ́ sin mí láàyè lọ." Wọ́n dìde, wọ́n ní ebi ń pa àwọn.

Láti ìgbà náà, èmi ni wọ́n ń pè. Mo ra kọ́kọ́rọ́ tí wọn ò tíì gé eyín sí, mo ha eyín rẹ̀ fúnra mi, mo fi okùn so ó fún wọn. Wọ́n ní tàwọn kọ́ nìyẹn, wọ́n sọ ọ́ sígbó. Tí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́yìn mi. "Olè òde òní mà ń pẹ́ o. Láyé tiwa, wọ́n á ti mú ẹ."

Tí ilẹ̀kùn bá ṣí, àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì nìkan ni wọ́n ń wò. Aṣọ funfun tí wọ́n rà sílẹ̀ de ikú wà níbẹ̀. "Èyí lẹ ó fi wé mi. Ẹ má fi ti ẹlòmíì wé mi o." Wọ́n á pa àpótí dé, wọ́n á tún tìlẹ̀kùn.

Orí bẹ́ńṣì yẹn ni ìyá mi kú sí láàárọ̀ ọjọ́ kan, níbi tí wọ́n ti ń yáàrùn. Wọ́n ti ti yàrá kí wọ́n tó jáde. Kò sí kọ́kọ́rọ́ lára wọn. Nígbà tí mo dé, àlùfáà ní ká sin wọ́n kí làásárì tó dé. Ó ní, "Aṣọ ńkọ́?"

Mo kúnlẹ̀. Mo ti irin bọ ihò. Mi ò mọ nǹkan kan lára. Ọwọ́ mi kàn wà níbẹ̀ bí ọwọ́ ẹlòmíì. Mo gbé ọ̀kan nínú irin wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ sókè, mi ò mọ̀ bóyá ó dìde. Mo tún un ṣe, mo tún un ṣe. Àgádágodo tí mo mọ̀ bí orúkọ mi.

Àbúrò mi lóṣòó tì mí. "Bọ̀ọ̀dá mi, òòlù wà níbí."

"Ṣe sùúrù."

Olórí ẹbí fọwọ́ kàn mí léjìká. "Ó ti yẹ kó di fífọ́ báyìí, ọmọ mi."

Mo yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àbúrò mi gbé òòlù sókè, kò lù. Ó yíjú wo ibi tí wọ́n tẹ́ ìyá wa sí. Èmi náà wo ibẹ̀.

Ó lù ú.

Mo gbé aṣọ funfun náà jáde, àwọn obìnrin tó ń wẹ ìyá wa gbà á lọ́wọ́ mi. Irin wáípà mi ṣì wà nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn èèyàn ń wọlé, wọ́n ń jáde, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mi ò bẹ̀rẹ̀ mú un.