Irin Ara Ògiri Tahir

Ọdún 2007 ni mo kọ́kọ́ pàdé Tahir Àmọ̀dá, ní ọ̀sẹ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé-ìkàwé yunifásítì. Ọ̀kadà tó gbé mi bàjẹ́ ní Iyana Iyesi, a sì tì í wọ ṣọ́ọ̀bù Tahir, tó ń tún ọ̀kadà ṣe níbẹ̀. Ògiri ni mo kọ́kọ́ rí: irin gbọọrọ tó lé ní ogójì ló fi ìṣó kọ́ síbẹ̀, ó sì fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà ọ̀kadà sára ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Inú sàlẹ́ńsà, ọ̀pá tí èéfín ọ̀kadà ń gbà jáde, ló ti yọ wọ́n. Àwọn ọlọ́kadà ló ń bẹ̀ ẹ́ pé kó yọ ọ́ kí ẹ̀rọ wọn lè máa bú ramúramù, kí ó sì tún kabúrétọ̀ wọn yí kí epo lè máa ya wọlé. Eré á pọ̀ sí i, èéfín dúdú náà á pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tó kọ́ Tahir níṣẹ́ ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí a bá tú lára ẹ̀rọ oníbàárà, a kì í dà á nù. Ìyẹn ló ṣe ń tọ́jú wọn.

Nígbà tó yá, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó èéfín ọkọ̀ dé. Wọ́n ní òfin kò fàyè gbà á pé kí a yí sàlẹ́ńsà padà kúrò ní bó ṣe ti ilé-iṣẹ́ wá, wọ́n sì béèrè ẹni tó ń ṣe é.

Tahir kò purọ́. “Èmi ni, sà. Gbogbo ohun tí mo yọ ló wà lára ògiri yẹn.”

Ọ̀gá wọn wo ògiri náà títí. Ó fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì láti dá gbogbo rẹ̀ padà sínú ọ̀kadà tó ti yọ wọ́n; bó bá ku ẹyọ kan, wọn yóò ti ṣọ́ọ̀bù náà pa.

Tahir ránṣẹ́ sí àwọn ọlọ́kadà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń wá; ó ń dá irin wọn padà, ó sì ń tún kabúrétọ̀ wọn yí sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Dúrójaiyé, tó dàgbà jù láàárín àwọn ọlọ́kadà ibẹ̀, nìkan ló kọ̀.

“Ọ̀kadà tí kò pariwo, ta ni yóò yà fún un? Ṣé ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó rẹ ni o fẹ́ kí n máa gùn kiri?”

“Họ́ọ̀nù wà lára rẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ máa fọn ọ́n.”

Rose, akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì kan lójú ọ̀nà Ìdírókò, ló bá Tahir ṣẹ́gun láìmọ̀. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn ọ̀kadà kan kì í fi èéfín ba aṣọ kọ́áyà òun jẹ́ mọ́, ó sì sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ni wọ́n bá ń fetí sí ọ̀kadà kí wọ́n tó gùn ún; èyí tó bá ń pariwo, wọn kì í gùn ún. Ní ọjọ́ Ìsinmi kejì, Dúrójaiyé dúró láti àárọ̀ di ọ̀sán, kò rí akọrin kan gbé. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀, tí ọ̀sẹ̀ méjì náà ku ọ̀la, ó ti ọ̀kadà rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù.

“Tahir,” ló wí, “dá ìfun ẹ̀rọ mi padà fún mi.”

Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba padà dé, ìṣó nìkan ni wọ́n bá lára ògiri.

Àdúgbò Ìjòkò ni Tahir wà báyìí, níwájú ilé tó kọ́ fúnra rẹ̀, ó ń tún ọ̀kadà àti jẹnẹrétọ̀ ṣe.