Kọ́ìnì Ẹnu Ọ̀nà Hàlímàt

Ṣé ẹ mọ aránṣọ tó lè wo ìdí èèyàn lẹ́ẹ̀kan kó sì gé sòkòtò tó bá a mu? Hàlímàt nìyẹn, aládùúgbò mi ní Rumuokwurushi, àdúgbò kan lápá gúúsù. Ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni mo ti ń lẹ táyà.

Lọ́dún 2015, bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé gbiná níwájú wa ní títì East-West. Àwọn èèyàn dúró, wọ́n ń pariwo omi, omi. Hàlímàt kò pariwo. Ó fi ọwọ́ fa ilẹ̀kùn irin tó ti gbóná, ó kó ọmọ mẹ́ta jáde. Àwọn ọmọ náà yè. Ṣùgbọ́n iná so àwọn ìka rẹ̀ pọ̀, kò lè mú abẹ́rẹ́ mọ́.

Hassanat, ọmọ rẹ̀, ló wá ń ránṣọ. Ìyá á jókòó tì í, á máa fi ẹnu gé aṣọ: "Mú un wọlé díẹ̀. Ó tó." Ṣọ́ọ̀bù yẹn ni wọ́n ń jẹ, inú rẹ̀ náà ni wọ́n ń sùn.

Ìjọba ìbílẹ̀ bá pè é láti yẹ́ ẹ sí. Alága gbé kọ́ìnì idẹ ńlá kan lé e lọ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò, alága sì ké tantan pé, "Mama, anywhere you show this coin for this local government, dem go know you!"

Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ṣùgbọ́n Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti tọ́ Hàlímàt dàgbà: ohun tí ọba bá sọ lójú gbogbo èèyàn, òfin ni. Ó rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni ti alága. Ó ní kí wọ́n dá kọ́ìnì náà lu, ó fi okùn gbé e kọ́ sókè ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó ń tajà lẹ́bàá títì wá gba sítíkà àṣẹ ìjọba ìbílẹ̀, mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín.

"Bàbá Eunice, sítíkà kẹ̀? Alága fúnra rẹ̀ ló fún mi ní tèmi."

"Ìyá Hassanat, fọ́tò ni wọ́n yà yín, wọn ò fún yín nílẹ̀."

"Àbí ẹ ń jowú ni?"

Inú bí mi, mo padà sídìí táyà mi.

Lọ́dún kejì, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ gbé katapílà dé láti wó ṣọ́ọ̀bù ẹ̀bá títì. Wọ́n ti fún àwa tó ní sítíkà láyè ní ọjà tuntun; mo ń kó irinṣẹ́ mi lọ lọ́wọ́ ni. Hàlímàt jáde, ó nawọ́ sókè ilẹ̀kùn.

"Oga, see am. Chairman say make I show am."

Ọ̀gá wọn já a wálẹ̀, ó yí i síwá sẹ́yìn. "Who bore hole for government property?" Àwọn tó bá a wá bú sẹ́rìn-ín. "That chairman don commot since. You get sticker?"

Hassanat ń sunkún, ó ń wọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ jáde, mo sáré bá a gbé e. Kí a tó padà wọlé kó aṣọ àwọn oníbàárà, ṣọ́ọ̀bù náà ti wó lulẹ̀. Ó dùn mí dé egungun.

Ọ̀gá náà fi kọ́ìnì lé Hàlímàt lọ́wọ́. Ìka rẹ̀ kò lè pa dé, kọ́ìnì bọ́, ó yí wọ gọ́tà.

"Mummy, make I pick am?"

"Fi í sílẹ̀. Páálí abẹ́rẹ́ wa dà?"

Abẹ́rẹ́ ti tú ká sábẹ́ àwókù. Hassanat bẹ̀rẹ̀ sí í wá a, èmi náà ń wá a. Hàlímàt kúnlẹ̀ láàárín wa, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì tí kò lè mú abẹ́rẹ́ wá abẹ́rẹ́.