Aṣọ Tí Lásísì Fi Dúró De Mọ́tò

Mo ṣí àpótí Lásísì, ẹ̀gbọ́n mi tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ sin, òórùn káfúrà bò mí. Aṣọ tí ìjọba fún un láti lọ ta ayò ṣẹ́ẹ̀sì fún Borno ní Kaduna ló wà níbẹ̀.

Nígbà tí mo ṣì kéré, lọ́sàn-án ọjọ́ tó yẹ kó gbéra lọ, a dúró de mọ́tò ìjọba lábẹ́ dóńgóyárò ní Old GRA ìlú wa títí ó fi sú wa.

"Hajiya, sai gobe," ni akọ̀wé ìjọba kan wí fún Ìyá wa.

"Ọ̀la kẹ̀? Ọ̀la náà ni wọ́n máa ta ayò náà! Ṣé aṣọ ló máa gbé ọmọ mi débẹ̀ ni?"

Èmi rò pé ìjọba ń sùn ni. Mo dàgbà kí n tó gbọ́ pé mọ́tò náà lọ kó màlúù ìgbéyàwó ọ̀gá wọn ní Kasuwan Shanu, ọjà màlúù.

Nígbà tá a padà délé lọ́jọ́ náà, Ìyá ní, "Lásísì, bọ́ aṣọ yẹn, jàre."

Kò bọ́ ọ. Ó ní mọ́tò ṣì lè dé.